Wọ́n bi èmi tí etí ń dùn nípa ìrìn, wọn ò bi màmá mi tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, Dókítà. Lóṣù tó kọjá mo mú màmá mi lọ ọsibítù torí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ẹni ọdún 66 ni wọ́n. Dókítà wo BP, ó kọ oògùn, ó ní ká padà wá lẹ́yìn oṣù kan, kò bi wọ́n bóyá wọ́n ń rìn tàbí wọn ò rìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá èmi náà lọ torí etí mi tó dí tó tún ń dùn mí, dókítà mìíràn ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé ọjọ́ mélòó ni mò ń rìn lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú mélòó lójúmọ́. Ká sòótọ́ ó dùn mí díẹ̀, torí mo sanra. Ṣé ẹni tó bá sanra nìkan lẹ máa ń bi ni? Báwo lẹ ṣe ń mọ ẹni tẹ́ ẹ máa bi àti ìgbà tẹ́ ẹ máa bi í? Ìyá Ìbejì, Ìsàlẹ̀-Afọ́n, Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú màmá o, Ọlọ́run á bá wa dá wọn sí. Ẹ má bínú sí dókítà tó bi yín. Èyí tí ò bi màmá, ẹ lè bínú sí i díẹ̀, mo fún yín láyè.

Òótọ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fẹ́ sọ níta: kò sí ọjọ́ kan pàtó tí wọ́n dá fún dókítà pé lónìí ni kó bi aláìsàn bóyá ara ẹ̀ ń rí iṣẹ́ ṣe. Ti BP yàtọ̀, kẹ́ ẹ tó rí dókítà nọ́ọ̀sì á ti wé nǹkan mọ́ yín lápá, á ti gbé yín sórí òṣùwọ̀n, á ti wo ìgbóná ara, gbogbo ẹ̀ ló ní ojú ìlà tiẹ̀ nínú káàdì. Ìrìn ò ní ojú ìlà. Ohun tí ò bá sì ní ojú ìlà nínú káàdì, inú orí dókítà ló kù sí, ẹ sì mọ bí orí dókítà ṣe máa ń rí láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè tí èrò ti kún bẹ́ǹṣì dé ẹnu ọ̀nà, tí ọmọ kan ń ké, tí bàbá kan ń jà pé òun ló kọ́kọ́ dé. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń jábọ́ nínú orí yẹn.

Torí náà ojú ló sábà máa ń pinnu. Dókítà gbójú sókè, ó rí ẹni tó sanra, ó rántí ìrìn. Ó gbójú sókè, ó rí ẹni tó tín-ín-rín, ó kọjá lọ. Ohun tó dùn yín nìyẹn, ẹ ò sì jẹ̀bi, torí ọ̀nà yẹn ò dáa rárá.

Èmi náà ṣe é rí. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ láyé ìgbà kan, télọ̀ kan wà tí mò ń tọ́jú, pẹ́lẹ́ńgẹ́ báyìí, ẹni tó jẹ́ pé ó máa ní láti lu ihò míì sí bẹ́líìtì kó tó dì í mọ́ ìdí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé wá. Ó tó ọdún méjì tí mò ń rí i, mi ò bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ni mo fẹ́ bi ẹni tó tín-ín-rín báyẹn? Ọjọ́ kan lòun fúnra ẹ̀ wá sọ pé láti ìgbà tóun ti fi mọ́tò sí ẹ̀rọ ìránṣọ òun, ẹsẹ̀ òun máa ń wú tó bá di ìrọ̀lẹ́. Mo ní kó ka ọjọ́ kan fún mi láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ó jí, ọ̀kadà gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ló ń lọ ra oúnjẹ, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ló ń lọ ra òwú, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ló ń gbé aṣọ fún oníbàárà. Tẹ́lẹ̀, ó kéré tán, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ ọ̀hún ń rí nǹkan ṣe. Ní báyìí mọ́tò ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀. Ìrìn tó gùn jù lọ nínú ọjọ́ ọkùnrin yẹn ni láti ìdí ẹ̀rọ dé ibi tí wọ́n ń tọ̀. Ojú tì mí.

Ó sì yẹ kí n ti mọ̀, torí wọ́n kọ́ wa dáadáa. Lọ́dún 1953, dókítà kan tó ń jẹ́ Jerry Morris àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn The Lancet, lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní Lọ́ńdọ̀nù. Dírẹ́bà jókòó láti àárọ̀, kọ̀ńdọ́ ń gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì lókè-sódò, ó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Ìlú kan náà, ọ̀gá kan náà, bọ́ọ̀sì kan náà, àmọ́ àìsàn ọkàn pọ̀ lára dírẹ́bà ju kọ̀ńdọ́ lọ. Àwọn kan ní bóyá torí pé dírẹ́bà sanra ni, Morris bá lọ wo ìwọ̀n ìdí ṣòkòtò yúnífọ́ọ̀mù wọn (ọgbọ́n yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín). Òótọ́ ni, ṣòkòtò dírẹ́bà fẹ̀ jù. Àmọ́ nígbà tó fi kọ̀ńdọ́ tó sanra wé dírẹ́bà tó sanra, kọ̀ńdọ́ ṣì sàn jù, tó fi èyí tó tín-ín-rín wé èyí tó tín-ín-rín, kọ̀ńdọ́ náà ni. Ẹ wo dírẹ́bà Micra tó ń ná Tákíé látàárọ̀, kẹ́ ẹ wá wo alábàárù inú ọjà, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń fi ìsanra nìkan yan ẹni tó máa bi, á fi télọ̀ mi sílẹ̀, á fi dírẹ́bà tín-ín-rín sílẹ̀, á sì lọ máa dààmú obìnrin tó sanra tó ń rìn lọ sọ́jà tó ń rìn bọ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ìdí tó dáa tá a fi ń bi èèyàn. Àkọ́kọ́ ni àìsàn tí ìrìn fúnra ẹ̀ jẹ́ oògùn fún. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú. Ẹni tí BP ẹ̀ ga tó wá ń rìn dáadáa déédéé, nọ́ńbà òkè lè wálẹ̀ ní bíi 5 sí 8, àwọn oògùn kan wà tí ohun tí wọ́n ń ṣe ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àtọ̀gbẹ ńkọ́, orúnkún tó ń dun èèyàn, àìróorunsùn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ìgbẹ́ tó le, gbogbo wọn ló yẹ kí dókítà béèrè. Ní Amẹ́ríkà ìgbìmọ̀ kan wà tó ń gba àwọn dókítà nímọ̀ràn, USPSTF ni wọ́n ń pè é, lọ́dún 2020 wọ́n sọ pé ẹni tó bá ti ní nǹkan bí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ọ̀rá tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, kí dókítà bá a jókòó sọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ìrìn. Nígbà tó di 2022 wọ́n ní ẹni tí ò ní ìkankan nínú wọn, kí dókítà fúnra ẹ̀ wò ó bóyá kó bá a sọ ọ́. Tá a bá tẹ̀ lé tiwọn, màmá yín ló yẹ kí wọ́n bi ṣáájú yín.

Ìdí kejì, àwọn èèyàn kì í rò ó: a máa ń bi torí oògùn. Bàbá àgbẹ̀ kan wà tó ní àtọ̀gbẹ, Daonil ló ń lò. Gbogbo ìgbà tó bá wá sí klíníìkì, ṣúgà ẹ̀ ga, torí pé ọjọ́ klíníìkì kì í lọ oko, ó jókòó sílé, ó jẹun dáadáa kó tó wá. Dókítà rí i pé ó ga, ó fi oògùn kún un. Ọjọ́ kejì bàbá lo oògùn, ó gbé ọkọ́, ó lọ kọ ebè láìjẹun, ọwọ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn bò ó, ojú ẹ̀ ṣú, ó ṣubú sí àárín ebè. Àwọn ará oko ní wọ́n ti ṣe é, wọ́n ń wá ẹni tó ṣe é. Iṣẹ́ ọkọ́ ti lo ṣúgà, Daonil náà ń lé ṣúgà wálẹ̀, oúnjẹ ò sì sí níkùn. Ká ní dókítà bi í pé "Bàbá, ọjọ́ mélòó lẹ ń lọ oko, kí lẹ ń jẹ kẹ́ ẹ tó lọ?" ni, ọ̀rọ̀ ì bá máà rí bẹ́ẹ̀. Nítorí ẹ̀, nígbà tí mo bá fẹ́ yí oògùn àtọ̀gbẹ ẹnikẹ́ni padà, mi ò kì í gbé bírò kí n tó mọ irú iṣẹ́ tí ara ẹ̀ ń ṣe.

Kí ló wá dé tí wọn ò bi màmá? Mi ò sí níbẹ̀, àmọ́ mo lè fọkàn rò ó. Ó ṣeé ṣe kí dókítà wo ìró àti ìborùn kó sọ nínú ara ẹ̀ pé àwọn màmá wa yìí, iṣẹ́ ni wọ́n fi dàgbà, wọ́n ti ń rìn. Ó sì ṣeé ṣe kó rò ó lódìkejì pé màmá ti dàgbà, kí wọ́n lọ máa sinmi. Èyí kejì yìí gan an ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí àwa Yorùbá la kọ́ ọ fún dókítà. Nílé wa, ọmọ tó mọyì ìyá ẹ̀ kì í jẹ́ kí ìyá ẹ̀ gbálẹ̀. Tí màmá bá mú ìgbálẹ̀, ẹni mẹ́ta ló máa sáré gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọn ò gbọ́dọ̀ pọnmi, wọn ò gbọ́dọ̀ lọ̀ ata, tí wọ́n bá dìde pé àwọn fẹ́ lọ kí ìyá kejì wọn ládùúgbò, a ní "Ẹ jókòó màmá, a máa fi ọ̀kadà gbé yín lọ." Ìfẹ́ ni o! Àmọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta màmá ò lè dìde lórí àga láìdi ohun kan mú mọ́. WHO, ìyẹn àjọ ìlera àgbáyé, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2020, wọn ò yọ ẹni ọdún 65 sókè sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ tí wọ́n sọ fún ẹni ọdún 18 sí 64 náà ni wọ́n sọ fún àgbàlagbà, wọ́n tiẹ̀ tún ní kí àgbàlagbà fi èyí tó ń mú kí èèyàn lè dúró dáadáa kún un, ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí wọ́n má bàa máa ṣubú.

Mo sì gbọ́dọ̀ gbèjà dókítà yẹn níbì kan. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ la ń bi. Ọjọ́ tí èèyàn kọ́kọ́ gbọ́ pé òun ní ẹ̀jẹ̀ ríru, etí ẹ̀ ti dí (ẹ má bínú, mi ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́), rọpárọsẹ̀ tó pa àbúrò bàbá ẹ̀ ló ń rò, ohunkóhun tí mo bá sọ nípa ìrìn lọ́jọ́ yẹn, ilẹ̀ ló ń bọ́ sí. Mo máa ń fi í sílẹ̀ di ìgbà kejì. Ẹni tí ibà dì mọ́lẹ̀ ńkọ́, ẹni tí èèyàn ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú? Ẹni tí BP ẹ̀ wà ní 180/110 tàbí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ká kọ́kọ́ mú un wálẹ̀ ná. Àmọ́ kí dókítà kọ ọ́ sínú káàdì pé "ìrìn: ọjọ́ tó ń bọ̀", kó má gbàgbé, torí tí kò bá kọ ọ́, ó ti gbàgbé nìyẹn.

Ìgbà tó dáa jù ni ìgbà tí nǹkan bá yí padà nílé ayé èèyàn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rítáyà. Tíṣà tó ń dúró ní kíláàsì fún ọgbọ̀n ọdún, oṣù kẹta tó rítáyà ó ti di ẹni orí àga níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí wọ́n ní kó má jáde. Ẹni tí ọmọ ẹ̀ tó kẹ́yìn ti wọ yunifásítì tí ilé wá dákẹ́. Mo máa ń dẹ etí sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ju òṣùwọ̀n kílò lọ.

Ìgbà míì tó tún dáa ni tiyín yìí gan an. Etí dí, ó ń dùn, ẹ̀mí ò sí nínú ewu, orí yín pé, wọ́n yẹ etí wò, oògùn ò gba àkókò láti kọ, dókítà sì rí ìṣẹ́jú méjì tó ṣẹ́kù. Ó lò ó. Èmi á ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mi ò ní ṣe ni kí n kàn ju ìbéèrè lù yín bíi pé ẹ jẹ mí lówó. Ó yẹ kó kọ́kọ́ ní "Ìyá Ìbejì, gbogbo ẹni tó bá wọlé síbí ni mò ń bi léyìí, ṣé kí n bi yín?" Tó bá sì jẹ́ lóòótọ́ pé gbogbo èèyàn ló ń bi, ọ̀rọ̀ ìsanra ò ní wá sí yín lọ́kàn. Níbì kan ní Gúúsù Kalifọ́níà, iléeṣẹ́ ìlera ńlá kan tó ń jẹ́ Kaiser Permanente bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ láti 2009. Ẹni tó ń wọn BP náà ló ń bi ìbéèrè méjì péré: ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀ lẹ ń rìn kíákíá tàbí tẹ́ ẹ ń ṣe ohun tó jọ ọ́, àti ìṣẹ́jú mélòó lọ́jọ́ kan. Wọ́n fi èkíní sọ èkejì di púpọ̀, nọ́ńbà tó bá jáde ni wọ́n kọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ BP. Tinú tẹ́ẹ́rẹ́, tinú kìbìtì, gbogbo wọn ni wọ́n ń bi. Ìbéèrè tí dókítà bi yín, ìbéèrè ọ̀hún náà nìyẹn, kò hùmọ̀ ẹ̀ torí tiyín.

Gbogbo ẹ̀ dáa, àmọ́ ó níbi tó ti ń fẹ́ àtúnṣe tó bá dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ bi obìnrin kan ní Ọjà Jagun pé "Ṣé ẹ máa ń ṣe ẹsásáìsì?" Á ní rárá, torí ohun tó ń jẹ́ ẹsásáìsì létí ẹ̀ ni kéèyàn wọ kánfáàsì láàárọ̀ Sátidé kó máa sáré lójú títì. Obìnrin yìí kan náà ló pọnmi nínú kànga ní ìdájí, tó gún iyán èèyàn mẹ́jọ. Ẹ wá bi ẹlòmíì tó ń ta aṣọ, á ní "Dókítà, ó ń rẹ̀ mí lójoojúmọ́, ẹsásáìsì wo lẹ tún ń wí?" Ó ń rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, orí àga lárẹ̀ ọ̀hún ti bá a, ní ṣọ́ọ̀bù tó ti jókòó láti aago mẹ́jọ. Àárẹ̀ yàtọ̀ sí iṣẹ́ ara. Èmi ò bèèrè ẹsásáìsì mọ́, mo máa ń ní "Ẹ ka àná fún mi, láti ìgbà tẹ́ ẹ jí." Èèyàn kì í mọ bí wọ́n ṣe ń purọ́ àná.

Àwọn òyìnbó pàápàá ò rí i yanjú tán. Ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, fọ́ọ̀mù kan wà fún àwọn dókítà ẹbí láti 2006 tí wọ́n ń pè ní GPPAQ, ó bi èèyàn nípa iṣẹ́ ilé àti ìrìn, àmọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣírò máàkì wọn kì í kà á mọ́ ọn, torí àwọn èèyàn máa ń ṣe àbùmọ́ níbẹ̀. Ẹ gbé fọ́ọ̀mù yẹn wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, idajì àwọn ìyá wa á gba òdo. WHO ní tiwọn tó ń jẹ́ GPAQ, ìyẹn ya iṣẹ́ òòjọ́ sọ́tọ̀, ó ya ìrìnnà sọ́tọ̀, ó ya eré ìdárayá sọ́tọ̀, ó bá tiwa mu dáadáa, àmọ́ ìbéèrè mẹ́rìndínlógún ni. Ta ló fẹ́ béèrè ìbéèrè mẹ́rìndínlógún nígbà tí bẹ́ǹṣì kún?

Ìdí míì tún wà tí dókítà fi ń sá fún un, ojú ló sì ń tini láti sọ ọ́. Dókítà tó ń rìn máa ń bi aláìsàn nípa ìrìn ju dókítà tí ò rìn lọ, wọ́n ti wádìí ìyẹn dáadáa. Nígbà tí ikùn tèmi yọ síwájú, mo máa ń yára kọjá níbi ọ̀rọ̀ yẹn bíi gbèsè. Òmíràn, dókítà ò mọ ohun tó máa sọ tẹ́ ẹ bá ní "Mi ò rìn rárá." Tí kò bá ní ju "Ẹ lọ máa ṣe ẹsásáìsì" lọ, ó sàn kó má béèrè.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ màmá. Kẹ́ ẹ tó padà lọ, ẹ kà á fún ọ̀sẹ̀ kan: ọjọ́ mélòó ni wọ́n rìn, ìṣẹ́jú mélòó. Ijó ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀ o, ijó òde wà níbẹ̀, ìrìn tó tó kéèyàn lè sọ̀rọ̀ àmọ́ kó má lè kọrin, ìyẹn là ń kà. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sí ẹ̀yìn káàdì, kẹ́ ẹ sọ ọ́ kí dókítà tó gbé bírò, ẹ má dúró kó béèrè. Ẹ sọ orúkọ oògùn BP tí wọ́n ń lò náà, torí àwọn kan wà bíi Atenolol tí kì í jẹ́ kí ọkàn sáré tí èèyàn bá ń rìn, èèyàn ò wá lè fi bí àyà ṣe ń lù mọ bí iṣẹ́ ṣe le tó, ohun tí mo sọ nípa ọ̀rọ̀ àti orin yẹn ló máa lò. Èyí tó ń mú èèyàn tọ̀ dáadáa, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rìn nínú oòrùn ọ̀sán, omi ara á gbẹ. Tí wọn ò bá rìn rárá tẹ́lẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀, kẹ́ ẹ dá ìgbálẹ̀ padà sí wọn lọ́wọ́.

Tó bá jẹ́ pé tí wọ́n bá ń rìn àyà wọn máa ń fún, tàbí èémí wọn ń já lórí ìrìn tí ò tó nǹkan, tàbí ojú wọn ti ṣú rí tí wọ́n fẹ́ẹ́ ṣubú, ẹ má dúró de oṣù tí wọ́n dá fún yín, ọ̀la ni kẹ́ ẹ mú wọn lọ.

Ẹ̀yin náà, tí dókítà etí yẹn bá tún bi yín, ẹ dá a lóhùn, kẹ́ ẹ sì bi í pé òun alára ńkọ́. Ṣé etí ọ̀hún ti là báyìí?